Fọ́tò ijó òrìṣà: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé àti ìdáhùn wọn

Ojú ewé yìí wà fún ẹni tó ní kámẹ́rà tàbí fóònù lọ́wọ́, tó sì fẹ́ ya ijó òrìṣà, ìbáà jẹ́ ní ojúbọ, lójú agbo ọdún, lórí ìtàgé tàbí nínú stúdíò. Nọ́ńbà bíi 1/500 tàbí 1/15 tí ẹ máa rí jẹ́ ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí shutter fi ń ṣí. 1/500 yára, 1/15 lọ́ra.

Kí ló ya fọ́tò ijó òrìṣà sọ́tọ̀ sí fọ́tò ijó lásán?

Ijó òrìṣà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹni tó ń jó Ṣàngó, tó na apá sókè tó tún jù ú wálẹ̀ wàì, ààrá ló ń sọ. Ẹni tó ń jó Ọbàtálá, tó tẹ̀ba, tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ orí àti sùúrù òrìṣà funfun ló ń fi hàn. Bí fọ́tò bá mú aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti òógùn ojú nìkan, tí kò mú ìgbésẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ òrìṣà náà á wò ó, á ní, "Kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: kí ẹ ka ijó náà, kí ẹ sì yà á bí ẹlòmíràn yóò ṣe lè kà á. Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò mọ èkejì dunjú. Àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fò.

Mi ò mọ ijó náà rárá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Etí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú àpò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ gbọ́ ìlù. Òwe òwe là ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn omele ló ń gbè é lẹ́sẹ̀. Gbólóhùn ìyáàlù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ní òpin yẹn ni oníjó máa ń balẹ̀: ẹsẹ̀ á tẹlẹ̀, èjìká á dúró, ọrùn á nà. Kì í pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àwòrán wà.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló fi èyí hàn jù lọ. Ní Kétu, Ìmẹ̀kọ àti Ìláró, ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún tẹ̀ lé e, ìlù àti ẹsẹ̀ á sì parí pọ̀. Bó bá ṣì í tẹ̀, gbogbo agbo ló máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Igi gbígbẹ́ orí rẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ń sún mọ́ tí wọ́n fi ń gé ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹni tó gé ẹsẹ̀ kúrò nínú fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gé ẹnu oníjó. Odidi ara ni kí ẹ mú, kí ilẹ̀ díẹ̀ sì hàn lábẹ́ ẹsẹ̀, kí eruku tó ń sọ lè hàn pẹ̀lú. Bí méjì bá jáde pọ̀ tí wọ́n múra bákan náà, ẹ má ya ẹyọ kan nínú wọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó ya méjèèjì pọ̀. Ìbáradọ́gba wọn wà lára ohun tí ijó náà ń sọ.

Ní ti títẹ kámẹ́rà: onílù máa ń tún gbólóhùn rẹ̀ lù. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ bọ́tìnnì kí òpin tó dé díẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ojú yín rí ìdúró náà, ó ti kọjá lọ, àgàgà lórí fóònù, nítorí òun máa ń ronú kó tó yà. Yíya léraléra kò lè rọ́pò etí. Kámẹ́rà tó ń ya mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣì ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín fọ́tò kan sí òmíràn, inú àlàfo yẹn sì ni ẹsẹ̀ bàtá máa ń gbà kọjá.

Ṣàngó ńkọ́? Kí ni kò gbọ́dọ̀ yọ nínú fọ́tò?

Bàtá ni ìlù rẹ̀. Oṣé (àáké olójú méjì), ṣẹ́rẹ́ (igbá tí à ń mì), làbà (àpò awọ), wàbì (yẹ̀rì ijó) tí a fi ọ̀já aṣọ oríṣiríṣi rán, irun dídì lórí ẹlẹ́gùn ọkùnrin: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohun tó ń sọ. Irun náà ń sọ pé ìyàwó òrìṣà ni ẹni yìí, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Nítorí náà ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ìdì irun náà hàn kedere.

Oṣé ni ó ń fi àwọn èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló fi jẹ́ oṣé. Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí abẹ kan ṣoṣo kọjú sí yín, ojú méjèèjì á bọ́ sórí ara wọn, igi lásán ni yóò hàn lọ́wọ́ oníjó. Ẹ bọ́ síwájú, níbi tí abẹ rẹ̀ méjèèjì ti ṣí sí yín. Ní 1/125, orí oṣé tó ń fò á di èéfín. 1/500 ni kó kéré mọ, 1/800 bí oòrùn bá wà. Kí ẹ sì pa shutter aláìláriwo: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń ka àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé, kí ó sì tó ka ìsàlẹ̀, ọwọ́ ti lọ. Ọ̀pá oṣé tó tọ́ á wá rí bí ìkọ́. Shutter tó ń dún ni kí ẹ lò, ìlù bàtá á bò ó mọ́lẹ̀.

Ní Bahia, ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe ìlù ijó yìí ní alujá, ẹni tí Ṣàngó gùn máa ń ṣe bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ làbà, tó yọ edùn àrá, tó sì sọ ọ́ sílẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni: ọwọ́ lẹ́bàá ìbàdí, ọwọ́ lókè, ọwọ́ tó ti ṣí. Ọwọ́ òkè ni gbogbo ayé ń yà. Tiwa ni pé ọwọ́ tó wà lẹ́bàá ìbàdí ló lágbára jù, nítorí ààrá ò tíì sán, ẹni tó ń wo fọ́tò sì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ṣé kí n dá ijó dúró gbagidi ni, àbí kí n jẹ́ kó fa ìlà?

Ohun tí ijó náà ń sọ ló máa dá yín lóhùn.

Ẹ wo ẹ̀kú Egúngún. Nígbà tó bá yípo, tí ọ̀já aṣọ ara rẹ̀ fò sókè, atẹ́gùn tó ti ibẹ̀ wá jẹ́ ìbùkún fún ẹni tó fẹ́ lù. Bí ẹ bá yà á ní 1/1000, gbogbo ọ̀já náà á dúró lójú òfuurufú gbẹ, bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Atẹ́gùn ti parẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí 1/30, títí dé 1/15, kí ọ̀já aṣọ fa ìlà bí ìjì. Lọ́sàn-án gangan ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù fún èyí: ẹ fi ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀) sí 100, ẹ ti ihò lẹ́ńsì dé f/11 tàbí f/16. Bó bá ṣì pọ̀, ẹ dé gíláàsì dúdú mọ́ iwájú lẹ́ńsì. Ọya tó ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ ju atẹ́gùn náà, bí 1/20. Ọ̀ṣun tó ń yí ọrùn ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, 1/200 tó. Ọbàtálá, 1/125.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé gbogbo fọ́tò á di kùrukùru, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ bóyá oníjó ló yípo tàbí ọwọ́ ayafọ́tò ló gbọ̀n. Ohun kan gbọ́dọ̀ dúró: igi orí, ẹsẹ̀ kan, tàbí àwọn òǹwòran tó wà lẹ́yìn. Ẹ mú ìgúnpá mọ́ ìhà, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró dáadáa, kí ẹ yí láti ìbàdí tẹ̀ lé oníjó. Nínú ogún tí ẹ bá yà báyìí, bí méjì bá dára, ẹ ti ṣe dáadáa.

Aṣọ funfun máa ń di eérú, pupa máa ń dà bí ọ̀dà. Kí ló fà á?

Kámẹ́rà ò mọ funfun. Ó gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun yẹ kó ní àwọ̀ eérú. Bí agbo Ọbàtálá bá kún ojú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, aṣọ á dọ̀tí, ojú èèyàn á ṣú. Ẹ lo bọ́tìnnì +/− ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi +1 sí i. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wọ funfun níwájú igbó dúdú, òdìkejì ló máa ṣe: á da ìmọ́lẹ̀ lé e lórí títí ìṣẹ́po aṣọ á fi parẹ́. Ẹ dín in kù sí −2/3 tàbí −1. Ẹ yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) nígbà méjèèjì.

Pupa Ṣàngó nínú oòrùn ọ̀sán tún lẹ́jọ́ tirẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kún àkúnya nínú kámẹ́rà, nígbà tí àwọn àwọ̀ yòókù ṣì wà ní ìwọ̀n. Histogram (àwòrán tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò hàn) funfun lásán lè sọ fún yín pé kò séwu. Ti RGB (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wo ìlà pupa. Bó bá gun ògiri ọ̀tún, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, −1/3 tàbí −2/3.

Àwọ̀ ara wa sì rẹwà nínú ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, nígbà tí òógùn ń dán lórí èjìká. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníjó. Bí ẹ bá dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ má bó àwọ̀ rẹ̀.

Lálẹ́ tàbí nínú gbọ̀ngán, kí ló dé tí ìlà dúdú máa ń gba inú fọ́tò mi kọjá?

Iná ló ń ṣẹ́jú. Ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, iná ìjọba jẹ́ 50 Hz, gílóòbù á máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá. 1/50 tàbí 1/100 ló bá a mu. Ní Salvador, olú ìlú Bahia, àti ní Amẹ́ríkà, 60 Hz ni: 1/60 tàbí 1/125. Iná jẹnẹrétọ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti fi dán an wò kí ijó tó gbóná.

Fún alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, tí í ṣe ti òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lẹ́ńsì f/1.8 tàbí f/2.8, ISO 3200 sí 6400, 1/100. Ẹ jẹ́ kí òru wà nínú fọ́tò. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ fi ń bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi fíláàṣì sọ òru di ọ̀sán ti mú ohun pàtàkì kúrò níbẹ̀.

Mo ń lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Kí ni kí n mọ̀?

Oṣù Kẹjọ ni ọdún náà máa ń bọ́ sí, òjò lè rọ̀ nígbàkigbà, nítorí náà ẹ mú ọ̀rá àti aṣọ gbígbẹ. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ṣókùnkùn lábẹ́ igi lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá ti ojú títì oòrùn wọ ibẹ̀ láì yí ISO padà á rí i pé gbogbo fọ́tò rẹ̀ dúdú tàbí kó di kùrukùru. Ẹ gbé e lọ sí 1600 tàbí 3200 kí ẹ tó wọlé.

Arugbá kì í jó bí àwọn yòókù ti ń jó. Ìrìn rẹ̀ ni ijó rẹ̀. Wúńdíá láti ìdílé ọba ni, igbá tí aṣọ bò wà lórí rẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má kọ. Ẹ má dí ọ̀nà rẹ̀ láé, ẹ má sì rìn sẹ́yìn níwájú rẹ̀ tí ẹ ń yà á. Ẹ wá ibi tó ga díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, kí ẹ lo lẹ́ńsì 70–200 mm, tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́, kí ẹ ṣọ́ ìgbà tí àlàfo bá ṣí láàárín èrò. Fọ́tò tó sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ ni èyí tí ojú rẹ̀ ti dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín ariwo.

Ṣé ó tọ́ kí n ya ẹni tí òrìṣà gùn?

Ẹni tí a gùn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún yín. Ṣáájú ni ẹ ti gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, lọ́wọ́ olórí ojúbọ àti lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Bó bá sì ti padà bọ̀ sípò, kí ẹ fi àwòrán hàn án. Èyí tó bá ní kí ẹ pa rẹ́, ẹ pa á rẹ́ níwájú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brazil ní 1951 kò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn O Cruzeiro gbé àwọn fọ́tò tí José Medeiros yà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó òrìṣà ní Salvador jáde: orí fífá, ẹ̀jẹ̀, ohun tó yẹ kó wà nínú yàrá. Àkọlé tí wọ́n fi lé e lórí pe àwọn òrìṣà ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń wù. Ó dá ìbínú ńlá sílẹ̀, àwọn tí wọ́n yà ló sì jìyà rẹ̀ jù. Iṣẹ́ kámẹ́rà níbẹ̀ dára, kò sì sí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ní ìlú kan náà ni Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣiṣẹ́. Ó dé Bahia ní 1946, ó ń fi Rolleiflex yàwòrán, fọ́tò méjìlá péré nínú fíìmù kan. Nígbà tó di 1953, ó tẹ Ifá ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúnbí. Ẹ wo bó ṣe ń ya ẹni tí a gùn: ìdúró ara, èjìká, ọ̀nà tí ọwọ́ gbà di ohun èlò òrìṣà mú. Ó ń fi ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bahia, ẹ ó sì rí i pé ìdúró kan náà ni. Ẹni tó ní méjìlá péré lọ́wọ́ kò lè ṣe kó má gbọ́ ìlù.

Ẹ má lo fíláàṣì sí ẹni tí a gùn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn.

Kí ni a kì í yà rárá?

Orò. Inú igbó ìgbàlẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Inú igbá Arugbá. Inú yàrá tí a ti ń ṣe ìyàwó òrìṣà. Bí atẹ́gùn bá ṣí aṣọ tí kámẹ́rà sì mú un láìròtẹ́lẹ̀, ẹ pa fọ́tò náà rẹ́, ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbì kankan.

Ní ti ẹni tí ẹ máa bi: Alágbàá fún Egúngún, Mọ́gbà fún Ṣàngó, Ìyáláṣẹ̀ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ìyá Ọ̀ṣun tàbí Àwòrò fún Ọ̀ṣun. Àyè tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kan ládùúgbò kò tó. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́tò ṣe, ẹ béèrè ohun tí ibẹ̀ ń gbà. Ọ̀pọ̀ ilé Candomblé (ẹ̀sìn òrìṣà ní Brazil) ní Salvador kì í gbà kí àlejò yàwòrán rárá. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ jókòó kí ẹ wò ó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ òrìṣà tó ń jó ní Bahia tàbí Cuba?

Ẹ wo ohun ọwọ́, lẹ́yìn náà ìṣesí. Oxum (Ọ̀ṣun) ń jó sí ìlù tí wọ́n ń pè ní ijexá, tí í ṣe Ìjẹ̀ṣà tiwa: ó ń ṣe bí ẹni tó ń wẹ̀ lódò, tó ń yarun, tó ń wo ara rẹ̀ nínú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó ń dán bíi dígí. Ẹ dúró kí abẹ̀bẹ̀ kọjú sí òun, kí ẹ̀yin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́; bí ó bá kọjú sí yín, ìmọ́lẹ̀ á bẹ́ sínú lẹ́ńsì. Oxóssi (Ọ̀ṣọ́ọ̀sì) di ọrun àti ọfà mú. Oxalá (Ọbàtálá) àgbà fara ti ọ̀pá òṣooró. Nanã (Nàná Bùkúù) gbé ìbírí rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Omolu (Ọbalúayé) ni ìko bò dé ẹsẹ̀, tí kò sí ojú tí ẹ lè rí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ ni kí ẹ yà.

Ní Cuba, ẹgbẹ́ oníjó Conjunto Folklórico Nacional ti ń gbé ijó òrìṣà sórí ìtàgé láti 1962. Ti ìtàgé rọrùn: ẹgbẹ́ ni ẹ ó tọrọ lọ́wọ́ wọn. Bàtá tí Àyàn (òrìṣà ìlù) wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun ìtàgé, ẹ má sún kámẹ́rà mọ́ ọn láìgbàyè.

Ṣé mo lè ṣe é nínú stúdíò, láìsí ọdún àti láìsí ojúbọ?

Ó ṣeé ṣe, ó sì lè jinlẹ̀. Ayafọ́tò Rótìmí Fání-Káyọ̀dé, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955 tó sì kú ní 1989, ṣe é nínú stúdíò ní Brixton, ní London: ara ènìyàn, ìbòjú, ìlẹ̀kẹ̀, ewé, iyẹ́. Ayafọ́tò mìíràn, Mario Cravo Neto, ṣe é ní Salvador pẹ̀lú ẹ̀yìn dúdú àti nǹkan kan ṣoṣo lára ènìyàn, ẹyẹ tàbí ìjàpá. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yẹn ni kí ẹ kọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó gbogbo ohun òrìṣà jọ: oṣé lọ́wọ́ kan, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ìlẹ̀kẹ̀ Ọbàtálá lọ́rùn. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́. Ẹ má fi epo pupa kan aṣọ Ọbàtálá nítorí pé ó lẹ́wà lójú, ẹ má sì fi àdín síwájú Èṣù. Ẹ má yá oṣé ojúbọ. Ẹ gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére kó gbẹ́ tuntun.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é: ẹ ta aṣọ dúdú tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, kí oníjó dúró ní mítà méjì síwájú rẹ̀, kí òjìji rẹ̀ má baà bọ́ sórí aṣọ. Kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ISO 100, f/8, shutter ìṣẹ́jú àáyá méjì. Iná kékeré kan láti ẹ̀gbẹ́, fíláàṣì kan tí ẹ ti sọ fún kó tàn ní ìparí, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá tàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà ìgbésẹ̀ á wà níwájú ara, oníjó á dà bí ẹni tó ń padà sẹ́yìn. Ẹ pe onílù wá. Oníjó tó ń jó sí afẹ́fẹ́ lásán kì í mọ ibi tí yóò dúró sí, ìyẹn á sì hàn nínú èjìká rẹ̀.

Dúdú-àti-funfun ńkọ́?

Ẹ ṣọ́ra. Nínú rẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé lè di eérú kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ tó fi òrìṣà hàn á sì yadi. Ó dára níbi tí ìrísí ti ń sọ̀rọ̀ ju àwọ̀ lọ: ẹ̀yìn títẹ̀ Ọbàtálá, ọ̀pá, oṣé tó ṣí sí yín. Fún Ọ̀ṣun, pẹ̀lú idẹ àti ìyeyè rẹ̀, a ò gbà yín níyànjú.

Kí ni kí n kọ sábẹ́ fọ́tò, kí sì ni mo jẹ àwọn tí mo yà?

Ẹ kọ orúkọ òrìṣà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ìlú, ọjọ́, irú ìlù tó ń dún, àti ohun tí ìgbésẹ̀ náà ń sọ bí ẹ bá bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. "Oníjó Áfríkà" kì í ṣe àkọlé. Orúkọ oníjó, ó dìgbà tó bá gbà.

Ẹ náwó fún onílù lójú agbo, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà, láàárín oṣù kan, ẹ tẹ fọ́tò márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí bébà, ó kéré tán 20 × 25 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ mú un padà lọ fún ojúbọ fúnra yín. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, fóònù sì ń bàjẹ́. Èyí tó wà lórí bébà ni wọ́n máa kọ́ sára ògiri, òun náà ni àwọn àgbà máa dúró níwájú rẹ̀ láti fi ìka tọ́ ọ fún yín, pé ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kó ṣáájú níbí.